Kàlẹ́ńdà Inú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀

"Ọkùnrin tó ń sùn nínú ilé mi yìí, Baba, mi ò rò pé ẹ̀gbọ́n mi ni."

Bí Kẹ́mi ṣe kí Baba Ọláníyọnu láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì yẹn nìyẹn. Kò ní ẹ káàárọ̀, kò béèrè pé ṣé dáadáa lẹ jí. Ó kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ọmọ Baba ní Grayson, lókè òkun, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹni tó fi omi ata bọ́jú.

Inú Baba dùn débi pé díẹ̀ ló kù kó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀daràn náà, ẹni yòówù kó jẹ́. Láti ọjọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó tẹ aago ilẹ̀kùn yẹn. Ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ-ọmọ ti wọ bọ́ọ̀sì iléèwé. Ilé oníyàrá márùn-ún, èèyàn kan. Bí Baba bá sín, òun náà ló ń kí ara rẹ̀ pé pẹ̀lẹ́.

Ẹ sì wò ó o, ọgbọ̀n ọdún ni ọkùnrin yìí fi ṣe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá Ìbàdàn. Olè tó bá gbọ́ pé Inspẹ́kítọ̀ Ọláníyọnu ń bọ̀, á dá ẹrù padà kí olóhun tó mọ̀ pé ẹrù sọnù. Ní Grayson, kò lè dá lọ ra búrẹ́dì, nítorí kò lè wakọ̀.

"Wọlé, nọ́ọ̀sì," ni Baba wí. "Jókòó. Sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, má sì gé e kúrú."

Kẹ́mi jókòó. "Ọdún 2001 ni Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi lọ sí Hólàńdì. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà yẹn, mi ò lè rántí ojú ẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni òun àti Màmá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n kò yọjú sí wa rí, àfi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn tó ní òun ń bọ̀. Èmi ni mo lọ gbé e ní airport. Màmá dì mọ́ ọn, ó ní ohùn ọmọ òun nìyí. Ẹ sì mọ̀ pé ojú Màmá ti lọ tán, òjìji lásán ló ń rí."

"Fọ́tò ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ogún ọdún, irun kún orí ẹ̀ bí igbó. Èyí tó dé yìí pá lórí bí igbá."

"Àpá lára?"

"Màmá ní Bọ̀ọ̀dá Fẹ́mi ní àpá lórúnkún. Mo wò ó. Àpá wà níbẹ̀."

"Ọmọkùnrin Yorùbá wo ni kò ní àpá lórúnkún? Passport ńkọ́?"

"Mo yọ́ wò ó. Yakub ni wọ́n kọ síbẹ̀."

Baba fò dìde. "Ó parí!"

"Kò parí, sà. Ó ní orúkọ tí òun fi ṣe ìwé ni."

Baba rọra jókòó padà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n jọ ń lọ ní Union City, bí wọ́n bá ní kí gbogbo ẹni tí orúkọ inú ìwé rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ bọ́ síta, pásítọ̀ àti ẹni tó ń tẹ dùrù ló máa kù. Ẹni tó ń tẹ dùrù náà kò sì dáni lójú tán.

"Àyẹ̀wò DNA?"

"Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí èsì ẹ̀ tó dé. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí ni Màmá fẹ́ dìde níwájú ìjọ, kó dúpẹ́ pé ọmọ òun padà wálé. Bó bá dúpẹ́ tán tí àṣírí wá tú, Baba, ìtìjú àti ìbànújẹ́ á jọ pa á ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ni lóòótọ́, tí mo lé e síta..."

"Kí ló mú ọ fura?"

"Ìwà ẹ̀! Àwọn díákónì wá kí wa. Ó gbé kọfí fún wọn, ó fún wọn ní bisikíìtì kọ̀ọ̀kan, ó wá dé agolo padà, gbà! Àwọn díákónì, Baba! Ọ̀kọ̀ọ̀kan!"

"Háà."

"Lọ́jọ́ ìbí Praise ọmọ mi, kò kí Praise nìkan. Ó ń ti orí àga kan dé òmíràn, ó ń bọ gbogbo ayé lọ́wọ́: ẹ kú oríire, ẹ kú oríire. Ọkùnrin kan gbé package wá sẹ́nu ọ̀nà, ó bọ ìyẹn náà lọ́wọ́, ó ní kú oríire ọjọ́ ìbí Praise. Ìyẹn ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ń jẹ́ Praise! Ṣé wèrè ni, àbí gbájúẹ̀?"

Baba dìde, ó lọ gbé ìwé kan wá lórí tábìlì, ìwé ilé ìkàwé, ó nípọn bíi bíríkì, ọ̀rọ̀ Hólàńdì láti ojú ìwé kìn-ín-ní dé ìgbẹ̀yìn. Ọjọ́ tí wọ́n kéde nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ Màmá ti Hólàńdì dé ni Baba ti rán ọmọ rẹ̀ lọ yá a. Ó fẹ́ ní ọ̀rọ̀ tí yóò bá àlejò náà sọ. Ó ka ìwé náà tán lẹ́ẹ̀mejì. Àlejò náà kò jókòó tì í rí.

"Nọ́ọ̀sì, fetí sílẹ̀. Ní Hólàńdì, bí wọ́n bá ń ṣọjọ́ ìbí, gbogbo ẹni tó wà níjòókòó ni wọ́n ń kí kú oríire, àti ìyá, àti àna, àti ará ilé kejì. Wọ́n gbà pé gbogbo wọn ló bá ọlọ́jọ́ ìbí pín ayọ̀ náà. Ti bisikíìtì yẹn náà, àwọn fúnra wọn ló ń fi ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́: ife kọfí kan, bisikíìtì kan, kí agolo padé. Gbogbo ohun tí o fi ń fura sí i yìí, ẹ̀rí ni pé ó gbé Hólàńdì, ó sì pẹ́ níbẹ̀."

Kẹ́mi mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ni nígbà yẹn?"

"Mi ò tíì sọ bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n wọ táì mi."

*

Láti Grayson dé Fairburn tí Kẹ́mi ń gbé, ẹni bá rí ọ̀nà tí kò dí ń dúpẹ́. Wọn ò rí i. Baba ò bínú. Ó ń ka àwọn ọkọ̀ tírélà tó ń lọ sáwọn ilé ìkẹ́rùsí, ó sì ń bá Kẹ́mi sọ̀rọ̀ láìdánudúró, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ lẹ́wọ̀n.

Ní pálọ̀, Màmá jókòó sórí àga rẹ̀, ọ̀pá ìtìlẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ dojú kọ fèrèsé tí kò rí. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Baba. Ó ga, ó tẹ̀ díẹ̀ léjìká, ọwọ́ rẹ̀ le bí ọwọ́ àgbẹ̀. Ó gbé kọfí wá. Ó ṣí agolo, ó fún Baba ní bisikíìtì kan.

Ó dé agolo.

Baba wo bisikíìtì náà, ó wo agolo, ó gbé ìbànújẹ́ mì. "Ọmọ mi, mo ń ka ìwé kan nípa ìlú yín. Jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan díẹ̀. Kí ni olú-ìlú Hólàńdì?"

"Amsterdam, sà."

"Ibẹ̀ ni ìjọba wà?"

"Rárá, sà. Den Haag ni wọ́n ti ń ṣèjọba. Ẹ fẹ́ tàn mí ni."

"Òkè wọn tó ga jù?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Òkè kẹ̀, Baba? Ilẹ̀ wọn tẹ́ bí ẹní. Èyí tí wọ́n ń fọ́nnu lé lórí, Vaalserberg, ó fi díẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún mítà. Ará Ìdànrè á fi ṣe ìrọ̀rí."

"Pápákọ̀ òfuurufú Schiphol ńkọ́?"

"Ìsàlẹ̀ adágún ni tẹ́lẹ̀, sà. Wọ́n fa omi ẹ̀ gbẹ. Ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń rì láyé àtijọ́ ni bàálù ń bà sí báyìí."

"Ọmọ mi ni!" Màmá pàtẹ́wọ́.

"Ọdún 1953?"

"Òkun ya ògiri tí wọ́n fi dí i ní Zeeland. Èèyàn tó kú lé ní ẹgbẹ̀sán."

"Nígbà ogun Jámánì, tí ebi ń pa wọ́n?"

"Wọ́n hú isu ìdí òdòdó tulip, wọ́n sè é jẹ."

"Isu òdòdó?" Màmá yí ojú sọ́dọ̀ wọn. "Ṣé ó ṣeé gún?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Baba náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò kúrò lára ọkùnrin yìí. Ẹ̀rín ni Baba fi ń dẹ pańpẹ́ láti Ìbàdàn wá.

"Òkú wọn ńkọ́?"

"Sà?"

"Ilẹ̀ tí èèyàn já gbà lọ́wọ́ òkun kò lè pọ̀. Mo kà á pé òkú pàápàá ní gbèdéke níbẹ̀. Ọdún mélòó?"

Ife bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lórí àwo lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Mẹ́wàá ni ti ẹlòmíràn, sà. Bí kò bá sí ẹbí tó wá sọ̀rọ̀, wọ́n á kó egungun ẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ẹlòmíràn síbẹ̀." Ó dìde. "Ẹ jẹ́ kí n bu kọfí kún tiyín."

Ife Baba kún fọ́fọ́.

Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Baba, ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ wo ni ọjọ́ ìbí yín?"

"Èmi ni mò ń bi ọ́ léèrè o!"

"Mo mọ̀, sà."

"Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù kẹta. Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Kò sí nǹkan, sà."

Ó wọlé lọ. Baba jókòó, ó ń rò ó. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn àfi àwọn oníwèé ilé ìwòsàn.

*

Kẹ́mi fà á lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó yege, Baba!"

"Ó yege. Ẹni tó gbé ibẹ̀ ni. Kò tíì di ọmọ ìyá rẹ."

"Ẹ wá wo nǹkan kan, ẹ jọ̀ọ́." Ó ṣí ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá àlejò. Lórí ògiri, ní ọ̀kánkán ibi tí ojú ẹni tó bá jókòó yóò wà, wọ́n fi ìṣó kékeré kọ́ kàlẹ́ńdà kan, ó gùn, ó tóóró, etí rẹ̀ ti ká. "Ó gbé e wá láti Hólàńdì. Ibi tí gbogbo ayé ń fi kàlẹ́ńdà sí ni pálọ̀, níbi tí àwòrán pásítọ̀ wà. Òun gbé tiẹ̀ wá síbí!"

"Àṣà wọn nìyẹn náà. Ibi tí èèyàn ò ti lè sá fún un ni wọ́n ń kọ́ ọ sí, kí ó má baà gbàgbé ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni."

"Ó dáa, ẹ wá wo orúkọ tó wà níbẹ̀. Màmá, oṣù kẹwàá. Èmi nìyí. Praise nìyí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwa nìkan ló ní láyé. Ẹ tún wo oṣù kẹfà." Ó fi ìka tẹ ibẹ̀. "Ọjọ́ kejìlá: Babáfẹ́mi. Ọjọ́ tí wọ́n bí Bọ̀ọ̀dá mi gan-an! Ó tún ya àgbélébùú kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ó ti di àtúnbí! Ẹ̀gbọ́n mi ni, Baba. Mo ti ṣẹ̀ ẹ́." Omi lé róró sójú rẹ̀.

"Jáde díẹ̀, ọmọ mi."

"Sà?"

"Mo fẹ́ lo ibẹ̀."

Baba ti ilẹ̀kùn. Kò lo nǹkan kan. Ó dé ìdérí, ó jókòó lé e, òun àti kàlẹ́ńdà ń wo ara wọn. Kò sí ọdún lára rẹ̀, kò sí ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Àìkú. Irú èyí kì í kásẹ̀ nílẹ̀, ogún ọdún lo lè fi lò ó. Ohun kan ń yún Baba lọ́pọlọ, kò sì mọ ibi tó máa họ.

"Kẹ́mi!" ni ó pè láti inú. "O ṣì wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, sà."

"Nínú fóònù rẹ, níbi tí o ń kọ ọjọ́ ìbí àwọn èèyàn sí kó lè máa rán ọ létí, ṣé o kọ tìẹ síbẹ̀?"

"Tèmi kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Ta ló ń gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí òun?"

Baba gbọ́ tí ọmọbìnrin náà dáwọ́ mímí dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

"Bẹ́ẹ̀ gan-an ni," ni Baba wí jẹ́jẹ́. "Ẹni tó ni kàlẹ́ńdà yìí kọ Babáfẹ́mi síbẹ̀ nítorí pé Babáfẹ́mi kì í ṣe òun."

Àgbélébùú ńkọ́? Baba tún wò ó. Màmá kò ní. Kẹ́mi kò ní, Praise kò ní, bẹ́ẹ̀ Praise ń kọrin nínú akọrin àwọn ọmọdé. Nínú orúkọ tí Kẹ́mi fi hàn án, ọ̀kan ṣoṣo ló ní àgbélébùú. Baba rántí ife tó gbọ̀n. Ó dìde, orúnkún rẹ̀ dún kó, ó sì gbàdúrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, pé kí ìṣirò òun má ṣe dọ́gba.

*

Ó bá ọkùnrin náà lẹ́yìnkùlé, ó ń wo ọgbà tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju koríko lọ. Ìró tírélà ń wá láti ọ̀nà jíjìn.

"Yakub," ni Baba pè.

Ó yíjú padà. Ẹ̀rù kò hàn lójú rẹ̀. Ó jọ ojú ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀.

"Ó kú nígbà wo?"

"February 2016, sà. Inú ilé gíláàsì la ti jọ ń ṣiṣẹ́ ní Westland, à ń ká tòmátì. A jọ gbé yàrá kan ní Den Haag, lókè pátápátá. Àyà ló dùn ún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ tóóró débi pé ojú fèrèsé ni wọ́n gbà gbé e sọ̀kalẹ̀." Ó nu imú. "Lọ́jọ́ Àìkú, fóònù ẹ̀ dún. Mo gbé e pé kí n sọ fún Màmá. Wọ́n ní, 'Fẹ́mi, ṣé o ti jẹun?' Baba, láti ìgbà tí ìyá mi ti kú ní Ìṣẹ́yìn, kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní, 'Mo ti jẹun, Mà.' Ohùn wa jọra, wọn ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré. Mo ní màá sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn kò dé."

"Kò dé títí di òní. February tó ń bọ̀ ni ọdún mẹ́wàá ẹ̀ máa pé. Wọ́n máa kó o kúrò. Ìyẹn ni mo wá sọ, sà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti ń la ẹnu, tí mo ń pa á dé."

Nǹkan kan fò kọjá, ó ba Baba létí, gbòà! Sálúbàtà ni. Màmá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, Kẹ́mi dì í lápá, sálúbàtà kejì ti wà lókè.

"Màmá, Inspẹ́kítọ̀ lẹ jù ú lù!" ni Kẹ́mi ké.

"Kó máa mú un nìṣó! Òun ló tú àṣírí yìí!" Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. Ó fi ọ̀pá wá àtẹ̀gùn, ó jókòó lé e. "Ọmọ mi ti kú," ni ó wí níkẹyìn, "èmi sì ń fi fóònù rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́sàn-án."

Yakub kúnlẹ̀ sórí koríko. Kò bẹ̀bẹ̀. Kò mọ ibi tí ẹ̀bẹ̀ yóò ti bẹ̀rẹ̀.

"Ta ló sin ín?"

"Èmi ni, Mà. Èmi àti ọkùnrin kan tó ni ilé gíláàsì. Òjò rọ̀."

"Ẹ̀yin méjì péré?"

"Àwa méjì."

Màmá sunkún nígbà náà, láìpariwo, Kẹ́mi sì jókòó tì í, ó gbé orí lé e léjìká. Nígbà tó yá, ìyá àgbà náà na ọwọ́ síwájú, ó ń wá orí tó pá yẹn títí tó fi bà á. Baba rò pé yóò gbá a. Kẹ́mi náà rò bẹ́ẹ̀.

"Yakub," ni Màmá wí, "ṣé o ti jẹun?"

Ọkùnrin náà gbé ojú sókè.

"Má purọ́ fún mi mọ́."

"Mi ò tíì jẹun, Mà."

"Kẹ́mi, fún un ní oúnjẹ. Lọ́jọ́ Àìkú, mo ṣì máa dìde níwájú ìjọ. Màá sọ pé ọmọ mi kú, ó sì ní ẹni tó sin ín. Kí February tó pé, ìwọ Yakub lo máa mú mi dé ibojì yẹn." Ó nu ojú. "Kí ẹnìkan sì ṣí agolo bisikíìtì yẹn sílẹ̀ fún Inspẹ́kítọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe dún nígbà tí o dé e. Ó dùn mí."

*

Baba jẹ mẹ́fà. Kẹ́mi gbé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ kí àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tó di ọ̀nà pa. Baba ní kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ yà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fẹ́ lò ó lóòótọ́.

Kàlẹ́ńdà ń wò ó. Ojú rẹ̀ lọ sí oṣù kẹta láìrò. Ó wò ó, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ọjọ́ kọkàndínlógún. Íńkì rẹ̀ ṣì ń dán: *Baba Inspector.* Yóò jẹ́ pé láàárọ̀ yẹn ló ti yà síbí kọ ọ́, nígbà tó lọ bu kọfí tí ẹnikẹ́ni ò béèrè; ojú Baba kò kúrò lára àgbélébùú láti rí i.

Níta, Kẹ́mi fọn fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó yá, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn.

"Baba? Ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ ti pẹ́ níbẹ̀."

Baba ń wá bírò nínú àpò rẹ̀.

"Ìwádìí ò tíì parí," ni ó wí láti inú. "Bá mi bi Yakub léèrè: ọjọ́ wo ni wọ́n bí i? Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ ara ẹ̀ kọ tiẹ̀ síbí."